Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ta Ló Yẹ Nóòtì Yìí Wò?

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, Kọmíṣánnà wa,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tó wà pẹ̀lú yín ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ́rè, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ Àwùjọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Social Studies, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré nínú ìlú Òṣogbo níbí, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan: ó yẹ kí àwọn òbí gbọ́ ọ, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi náà sì lè fẹ́ fi tiwọn kún un. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Ẹ jẹ́ kí ohun ìkọ́ni tí a ń kó láti orí ayélujára ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé iwájú ọmọ, kí orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò sì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń lọ lọ́wọ́ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, olùkọ́ á ṣí síkíìmù láti wo ohun tó kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ẹ̀kọ́ kò kárí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ya lẹ́yìn, nítorí náà fóònù ló kù. Á fi owó ara rẹ̀ ra dátà, á tẹ àkọlé ẹ̀kọ́ náà sí Google, á fi kíláàsì àti sáà kún un, á sì ṣí èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú. Bí iná bá wà, á jókòó dà á kọ sínú nóòtì tí ọ̀gá máa bu ọwọ́ lù. Bí iná kò bá sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù náà ni yóò fi kọ ọ́. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò sì mọ ìgbà tó kọ ọ́, ti wà lójú pátákó, àwọn ọmọ sì ti ń dà á kọ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò lè purọ́ fún yín.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo kó irú nóòtì bẹ́ẹ̀ lórí àwọn àmì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè wa. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì pátákó kí ọmọbìnrin kan ní ìlà kejì tó na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí kọ́ la kọ ní àsẹ́ńbílì láàárọ̀ yìí.” Òótọ́ ló sọ. Orin orílẹ̀-èdè tí a gbà ní 1978 ni nóòtì náà gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni òfin ti dá wa padà sí èyí tí a fi gba òmìnira ní 1960. Kì í ṣe pé n kò mọ̀, èmi àti àwọn ọmọ la jọ dúró kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. N kò ka nóòtì náà délẹ̀ ni. Ọwọ́ ló ń dà á kọ, ọkàn ti lọ sùn. Nígbà tí mo délé tí mo tún un kà, mo rí i pé ojú-ewé kan náà ṣì ń sọ pé ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Àyájọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, ọjọ́ tí wọ́n ti kéde ní 2018 pé ó ti di 12 oṣù Kẹfà, tí a sì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti 2019. Ó kéré tán, ó ti tó ọdún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan nóòtì náà gbẹ̀yìn, síbẹ̀ òun ni Google kọ́kọ́ nà sí mi. Mo ṣí ìkànnì mẹ́ta mìíràn láti fi wé e, gbogbo wọn gbà pẹ̀lú rẹ̀. Inú mi fẹ́ dùn, àfi ìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sípẹ́lì rẹ̀ lódì ni àwọn mẹ́ta yòókù kọ lódì bákan náà. Mo ti rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni mo ní, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, agbádá ló ń pààrọ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí a padà sí ìwé nìkan. Ìwé kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa tó ṣì ń ka ìpínlẹ̀ 30 fún Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni a ti ní 36. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ní ohun kan tí nóòtì orí ayélujára mi kò ní. Bí a bá ṣí ojú-ewé kejì rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ náà sì wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ JSS 1 pàápàá lè ṣírò ìdí tí 30 fi wà nínú rẹ̀. Mo ti fi ìwé náà kọ́ni ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀: mo ní kí wọ́n wá ọdún ìtẹ̀jáde, kí wọ́n sì sọ fún mi àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ì tíì sí nígbà náà. Ó jẹ́wọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa, àṣìṣe rẹ̀ sì di ẹ̀kọ́. Ohun tí a ń wà jáde lórí fóònù lóru kì í jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan ìlú tiwa, ìṣòro náà tún yàtọ̀. Lórí ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta, tàbí ìgbéyàwó, tàbí oògùn olóró, ohun tó wà lórí ayélujára pọ̀ ju bí a ṣe lè kà á tán lọ. Lórí Òṣogbo, ó kéré, èyí tó sì wà ti dàrú mọ́ra. Mo ti rí nóòtì tó kó ogun Òṣogbo, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti lé àwọn ará Ìlọrin padà ní nǹkan bí ọdún 1840, pọ̀ mọ́ ogun Jálumi, tó wáyé ní Ìkirun ní 1878. Ọdún méjìdínlógójì ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni, ṣùgbọ́n nítorí pé Ìbàdàn àti Ìlọrin wà nínú méjèèjì, ẹni tó kọ nóòtì náà fi wọ́n ṣe ogun kan. Mo tún rí èyí tó sọ Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe, di ará Jámánì. Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ dé Nàìjíríà ní 1950, ni ará Jámánì. Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹni náà ti ṣì í gbé. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà Ìbòkun ní ìyá àgbà òun máa ń rí Àdùnní lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí Àdùnní tó kú ní 2009. Ìkànnì wo ló lè fún mi ní ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀? Àwòrán náà ńkọ́? Àwòrán odò kan tó mọ́ lóló, tí wọ́n kọ “Odò Ọ̀ṣun” sí lábẹ́, ni mo fi Google Lens, tó ń wá ibi tí àwòrán ti wá, wò, ó sì mú mi lọ sí ìlú kan ní ilẹ̀ Éṣíà. Ẹni tó bá ti dúró ní etí odò wa ní oṣù Kẹjọ mọ̀ pé omi rẹ̀ kì í mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ojúlówó náà wà o. Ojú-ewé UNESCO lórí Igbó Ọ̀ṣun wà fún gbogbo ènìyàn láti kà, ó sọ ọdún tí wọ́n kọ igbó náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé, 2005, ó sọ bí ó ṣe tóbi tó, hẹ́kítà 75, ó sì sọ ìdí tí wọ́n fi yàn án. Sukur ní Adámáwá, tí wọ́n yàn ní 1999, nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́jú márùn-ún péré ni èyí gbà mí, àmọ́ ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí n lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé iṣẹ́ yìí jìnnà. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ wọn ti wà láti 1921, ilé ìkówèésí ìjọba wọn, Library of Congress, sì ti kó àwòrán, máàpù àti ìwé àtijọ́ jọ fún olùkọ́ láti lò lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àlàyé ẹni tó ya ohun kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó yà á. Mo ń kọ́ ọgbọ́n bíbéèrè lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bébà iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, tó dára lójú tó sì ní àwòrán mèremère, kì í ṣe fún ọmọ Òkè-Baálẹ̀. Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ ní ọ̀kan nínú rẹ̀, nígbà tí ìdánwò sì dé, mẹ́jọ nínú wọn kọ ọ́ pé “mayor” ló ń ṣe olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa àti pé yìnyín ni a fi ń mọ ìgbà òtútù. Àwọn ọmọ kò ṣẹ̀, ohun tí a fún wọn ni wọ́n jẹ.

Báwo ni a ṣe wá ń yẹ irú nǹkan báyìí wò? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé lórí jùlọ nìyí. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, olùwádìí méjì, Sam Wineburg àti Sarah McGrew, fi ènìyàn 45 jókòó síwájú kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n yẹ àwọn ìkànnì kan wò: onímọ̀ ìtàn 10 tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà 25, àti ènìyàn 10 tí iṣẹ́ oòjọ́ wọn jẹ́ títú òótọ́ kúrò lára irọ́ nínú ìròyìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojú-ewé tó wà níwájú wọn, wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ ńlá àti àmì tó rẹwà sì ń tàn wọ́n jẹ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró níbẹ̀ rárá. Wọ́n fi ojú-ewé náà sílẹ̀, wọ́n ṣí òmíràn, wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹni tó ni ín, kí wọ́n tó padà wá kà á. Àwọn ló yára jù, àwọn náà ló sì gbà á jù.

Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀rín pa mí, nítorí pé bí àwọn òbí wa ṣe ń ṣe ìwádìí àna gan-an nìyẹn. Wọn kì í bi ọkọ ìyàwó léèrè pé ṣé ènìyàn rere ni. Kí ni ẹ rò pé yóò sọ? Àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń rán ènìyàn lọ, ẹni náà á ra àkàrà lọ́wọ́ aládùúgbò, á jókòó, á sì máa béèrè díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń fi yé àwọn olùkọ́ tuntun tí wọ́n bá fi sọ́dọ̀ mi. Bí ìkànnì kan bá pe ara rẹ̀ ní ilé ìmọ̀ tó dára jù fún olùkọ́ Nàìjíríà, ẹ jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ lọ bi àdúgbò. Bó bá ní “.gov.ng” nídìí, a mọ̀ pé ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni ti tún un ṣe láti ọdún mẹ́wàá. Wikipedia ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ní a kò gbọdọ̀ wò ó. Èmi ń wò ó, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n to ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ sí, ni mo kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ni mo ń tẹ ibi tí ó ti ń fi gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe hàn, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè tún un kọ, ó sì ń kọ ọjọ́ àti wákàtí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ tuntun tí a ń bi ní ìbéèrè tó ń dáhùn bí ènìyàn, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan ní kó kọ nóòtì lórí ìtẹ̀dó Òṣogbo fún òun: ó kọ ọ́ geere, ó sì gbàgbé Láròóyè, ó gbàgbé Olútìmẹ́hìn, àwọn méjì tó tẹ ìlú náà dó, ó wá fi ọba kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí dípò wọn.

Àwọn ọmọ pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní sáà tó kọjá, mo ní kí JSS 2 wá iye ènìyàn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ilé. Iye mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú wá. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú pátákó, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: “Ta ló kà wọ́n?” Kíláàsì dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ fún wọn pé ètò ìkànìyàn tí a ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006, tó fi Ọ̀ṣun sí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3.4 àti gbogbo orílẹ̀-èdè sí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 140, pé èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 ni wọ́n sún síwájú, àti pé gbogbo iye yòókù tí wọ́n mú wá, ìṣirò ni, ẹnikẹ́ni kò yà sí ilé wa láti kà wá. Ọmọ kan wá béèrè pé, “Mà, a jẹ́ pé wọn ò tíì kà mí rí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 2012 ni wọ́n bí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò ní ná ìjọba ní owó gọbọi. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ló wà ní Ọ̀ṣun. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá yan olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ kan, tí olùkọ́ náà sì mú ohun ìkọ́ni kan ṣoṣo tó ti yẹ̀ wò wá ní sáà kọ̀ọ̀kan, 90 ni a ó ní láàárín ọdún kan. Olùkọ́ láti Ìlá ni kó yẹ tará Ìwó wò, kí tará Ìwó yẹ ti Iléṣà wò, kí ó má jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ sí òkè pé: lágbájá ló kọ ọ́, ibi báyìí ló ti rí i, lámọrín ló yẹ̀ ẹ́ wò, ní ọjọ́ báyìí, kí a sì kọ ọjọ́ tí yóò tún padà sábẹ́ àyẹ̀wò sí i. Kí a fi gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì káàdì, kí a sì tẹ díẹ̀ jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní iná, nítorí pé ohun tó bá nílò dátà kò ní dé Bórípé bó ṣe yẹ. Ìpínlẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí irú èrò bẹ́ẹ̀: Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 2013, ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò wá dá ẹjọ́ rẹ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ni n kò tọrọ ẹ̀rọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, àti orúkọ tó wà lára ohun náà, ni mo ń sọ.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oní-nǹkan, kò le. A lè yan àwọn tó ní ìwé àṣẹ Creative Commons lára, tó ń sọ fún wa tààrà ohun tí a lè dà kọ àti ohun tí a kò gbọdọ̀ yí padà, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Ohun kan ló kù tí n kò fẹ́ gbàgbé. Ẹni tó bá ń bu ọwọ́ lu nóòtì wa, ì báà jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí alábẹ̀wò, ohun tó sábà máa ń wò ni pé ṣé ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ṣé ìlà pupa wà ní ibi tó yẹ. Mo bẹ̀ yín, kí a fi ìbéèrè kan kún un: “Níbo lo ti rí èyí?” Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Olùkọ́ tó ní kíláàsì mẹ́fà lọ́wọ́ kò ní wákàtí láti máa lọ bi àdúgbò ní gbogbo alẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọrọ pírọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀, èyí tí a kò ní fún un ní iṣẹ́ mìíràn, fún olùkọ́ tí a bá yàn.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi. Bébà 23 ló wà nínú àpòòwé kan nílé mi, orúkọ mi wà lórí gbogbo wọn, ọjọ́ náà sì wà níbẹ̀. Mo ti fa ìlà gba inú méjì kọjá. Ọ̀kan nínú méjèèjì sọ pé 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Bàbá ọmọ kan tó ti ṣiṣẹ́ réluwé rí i nínú nóòtì ọmọ rẹ̀, ó sì wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ pé Ìbàdàn ni ó dé ní 1901, pé 1907 ni ti Òṣogbo. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Mo kọ èyí tuntun, mo sì kọ orúkọ bàbá náà sí abẹ́ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá dá ọjọ́ fún mi, mo lè gbé àpòòwé náà wá sí Àbẹ́rè lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, tí a bá ti jáde.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ kan, Òṣogbo.